RỌ́BÀ ÀTIJỌ́ NI YÓÒ FA TUNTUN WỌLÉ

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé dé lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá pé kí ni ti kẹ̀kẹ́ nínú ayé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun tí ènìyàn fi ń jẹun kì í kéré lójú rẹ̀. Bíréèkì tí kò sì mú, ikú ni ó ń bá rìn, ì báà jẹ́ ti kẹ̀kẹ́, ì báà jẹ́ ti bọ́ọ̀sì.

Ọmọ wa kan tí ó ń gbé ní Vridi, ní ìlú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ni ó kọ̀wé sí mi. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe kọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Búrẹ́dì ni mo ń fi kẹ̀kẹ́ gbé fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́. Kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn, àlòkù òkè òkun ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní France au revoir níbí. Bíréèkì olómi ni ó ní, inú irin kẹ̀kẹ́ ni rọ́bà rẹ̀ sì gbà kọjá, ojú kò rí i. Nígbà tí ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo gbé e fún ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bí ó ti gé rọ́bà náà báyìí, ó fà á jáde gbuuru, epo sì ta sí gbogbo ara kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ méjì ni ó fi wá ọ̀nà tí tuntun yóò gbà wọlé, kò rí i. Ó ní kí n ṣì máa lo ti iwájú ná. Èmi kò mọ̀ pé epo ti ta sí ti iwájú náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ agbépo kan dúró lójijì níwájú mi, mo fún bíréèkì, kò mú. Ọlọ́run ló yọ mí. Búrẹ́dì fọ́n sójú títì, apá mi ọ̀tún sì bó yánnayànna. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ta kẹ̀kẹ́ yìí ni?"

Àbúrò mi, má tà á. Kẹ̀kẹ́ náà kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ kò ju pé wọ́n lé àgbà jáde nílé kí ọmọ tó mọ ọ̀nà. Èmi yóò ṣàlàyé ohun tí mo ní lọ́kàn, gbogbo ẹni tí ó bá sì ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, yálà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó fetí sí i.

Ẹni tí ó bá mọ Vridi yóò mọ ìdí tí ìwé yìí fi bà mí lẹ́rù. Ilẹ̀ tóóró ni, òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn aláṣẹ Faransé gbìyànjú láti la ọ̀nà omi já láti inú òkun dé inú ọ̀sà ní agbègbè náà, ṣùgbọ́n iyanrìn dí i mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún 1950 ni wọ́n tó rí Vridi là já, wọ́n sì ṣí èbúté Abidjan ní 1951. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti ń wọlé. Ilé iṣẹ́ ìfọpo SIR, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Vridi kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ akẹ́rù fi pọ̀ lójú títì ibẹ̀. Ọmọ tí ó gun kẹ̀kẹ́ láàrin irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bíréèkì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí irú bíréèkì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ti àtijọ́ tí a mọ̀, okùn wáyà ni ó ń fà á. Ti olómi kò ní wáyà. Bí o bá fún ọwọ́ bíréèkì, irin kékeré kan yóò ti epo tí ó wà nínú rọ́bà. Epo yóò ti irin mìíràn nísàlẹ̀, nínú ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kálípà. Kálípà yóò wá fi páàdì méjì fún dísìkì tí ó wà lára táyà lọ́rùn. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó kú ní 1662, ni ó ṣàlàyé òfin tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: bí a bá ti omi tí a sé mọ́ inú nǹkan ní ibì kan, ìtì náà yóò dé gbogbo ibi tí omi náà wà. Epo kì í ṣe é fún pọ̀, nítorí náà gbogbo agbára ìka rẹ ni yóò dé ọ̀dọ̀ táyà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀ bíi kànrìnkàn. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wọ inú rọ́bà, ìwọ yóò fún ọwọ́ bíréèkì títí yóò fi kan irin, kẹ̀kẹ́ yóò sì máa sáré lọ. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí, kí ògiri má lanu ni.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń fi rọ́bà pamọ́ sínú irin? Ẹwà ni, afẹ́fẹ́ sì ni. Àwọn eléré kẹ̀kẹ́ kò fẹ́ ohunkóhun tí yóò gba afẹ́fẹ́ mú nígbà tí wọ́n bá ń sáré. Nígbà tí àjọ UCI, tí ó ń darí eré kẹ̀kẹ́ ní gbogbo àgbáyé, fi àyè gba bíréèkì onídísìkì pátápátá nínú eré ojú títì ní 2018, àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ túbọ̀ ń ki rọ́bà gba inú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti inú férémù. Ní òkè òkun, ẹni tí ó rà á ní tuntun ní ibi tí ó lè gbé e lọ. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá wá di àlòkù tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹwà ọjọ́ kìíní yóò di wàhálà ẹni tí ó bá a lọ́wọ́ ìkẹyìn.

Ó dára. Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí kò pọ̀: má ṣe fa rọ́bà àtijọ́ jáde kí o tó so tuntun mọ́ ọn nídìí. Rọ́bà àtijọ́ ni ó mọ ọ̀nà. Ó ti gba inú òkùnkùn férémù kọjá, ó mọ ibi tí kọ̀rọ̀ wà, ó mọ ihò tí ó jáde. Bí ó bá ń lọ, kí ó fi ọ̀nà han arọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ epo ni ó ṣáájú. Oríṣi epo méjì ni ó wà, wọn kì í sì í gbé inú ilé kan náà. Àkọ́kọ́ ni epo míńírà, èyí tí bíréèkì Shimano, Magura àti Tektro ń lò. Èkejì ni èyí tí wọ́n kọ DOT sí lára, tí ó jọ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Hayes àti Hope ń lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ bíréèkì SRAM, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé SRAM ti ń lo míńírà nínú àwọn tuntun kan. Nítorí náà, má ṣe gbọ́kàn lé orúkọ nìkan. Wo ara ọwọ́ bíréèkì tàbí ìdérí ibi tí a ń gbà rọ epo, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Bí o bá rọ DOT sínú ti míńírà, tàbí míńírà sínú ti DOT, àwọn rọ́bà róbótó tí ó sé epo mọ́ inú yóò wú, wọn yóò sì bàjẹ́. Má tilẹ̀ dá epo ẹ̀pà, epo ẹ́ńjìnnì tàbí omi láṣà. Ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú.

DOT tún ní ìwà méjì tí ó yẹ kí a mọ̀. Ó máa ń jẹ ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́, ó sì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tí omi kò tíì wọ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé ìwọ̀n ooru 230 lórí òṣùwọ̀n Selsiọsi, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní nǹkan bíi 155. Bí epo bá hó nínú rọ́bà nígbà tí o ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ooru rẹ̀ yóò di afẹ́fẹ́, bíréèkì yóò sì sọ nù lójú ọ̀nà. Ní ibi tí òkun àti ọ̀sà yí ènìyàn ká bíi Vridi, afẹ́fẹ́ kì í gbẹ. Ìgò DOT tí o ti ṣí láti ọjọ́ pípẹ́, má ṣe rọ ọ́ sí bíréèkì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Wá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ń gbé iyanrìn. Tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, kódà èyí tí o ń kà lọ́wọ́ yìí, bí o bá ti kà á tán. Fi rọ́bà ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí o sì dáàbò bo ojú rẹ. Tú táyà kúrò, nítorí ara rẹ̀ ni dísìkì wà, gbé e lọ sí yàrá mìíràn. Yọ páàdì méjèèjì kúrò nínú kálípà, fi bébà mímọ́ wé wọn, kí o sì gbé wọn jìnnà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán epo kan ṣoṣo tí ó bá kan páàdì ti tó láti sọ bíréèkì di ohun tí kò wúlò. Fi igi pẹlẹbẹ kan sí àárín kálípà, kí irin inú rẹ̀ má bàa yọ jáde.

Ìgbésẹ̀ tí ó kàn ni kí o bu epo jáde kí o tó tú rọ́bà. Epo inú bíréèkì kan kò pọ̀, kò kún ife kékeré, ṣùgbọ́n bí o bá gé rọ́bà nígbà tí ó ṣì kún, yóò dàbí ẹni pé odidi gálọ́ọ̀nù ni ó dà sílẹ̀. Ihò kan wà lára kálípà, òmíràn wà lára ọwọ́ bíréèkì, nọ́ọ̀tì kékeré sì dí wọn. Fi rọ́bà tín-ín-rín so ihò ìsàlẹ̀ mọ́ ìgò, tú nọ́ọ̀tì òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí o sì fi síríńjì ti afẹ́fẹ́ wọlé láti òkè díẹ̀díẹ̀. Epo yóò sọ̀kalẹ̀ sínú ìgò láìkan ohunkóhun. Ẹ ò rí i pé a kò tíì gé nǹkan kan, epo sì ti wà nínú ìgò.

Lẹ́yìn èyí, tú rọ́bà kúrò lára ọwọ́ bíréèkì àti lára kálípà. Fi aṣọ kékeré di ẹnu ihò méjèèjì, kí iyanrìn má bàa wọlé. Gé àwọn irin tí ó wà lẹ́nu rọ́bà kúrò, nítorí wọn kò ní lè gba ihò férémù kọjá. Bí ó bá ti ṣẹ́ ku rọ́bà lásán, ọ̀nà méjì ni ó wà tí àtijọ́ fi ń fa tuntun wọlé.

Ọ̀nà kìíní ni ìṣó kékeré olójú méjì, tí ó ní ẹsẹ̀ yíyí ní ìhà méjèèjì. A ó yí ìhà kan wọ inú rọ́bà àtijọ́, a ó yí ìhà kejì wọ inú tuntun, títí ẹnu àwọn méjèèjì yóò fi kan ara wọn. Wọ́n ń tà á fún iṣẹ́ yìí gan-an. Kò gbọdọ̀ sanra ju rọ́bà lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ wé téèpù mọ́ ọn bíi ẹni di ẹrù, nítorí ihò ara férémù kò fi bẹ́ẹ̀ ju rọ́bà fúnra rẹ̀ lọ. Kí ẹnì kan máa ti tuntun wọlé lápá kan, kí ẹnì kejì máa fa àtijọ́ jáde lápá kejì, kí wọ́n sì jọ máa sọ̀rọ̀. Bí ó bá há, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ yí i, ẹ tún gbìyànjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni ó máa ń le koko. Bí rọ́bà méjèèjì bá já sílẹ̀ ní àárín férémù, a ti padà sí ibi tí alátùn-únṣe ọjọ́ kìíní wà.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí kò rí ìṣó yẹn rà, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún wa, nítorí kò sí ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ tí a kì í ti rí ohun tí a fi ń ṣe é. Wá wáyà jíà kẹ̀kẹ́, èyí tín-ín-rín, tí kò tíì lò. Fi spírítì nù ún mọ́. Tì í gba inú ihò rọ́bà àtijọ́ láti òpin kan títí yóò fi yọ ní òpin kejì, nígbà tí rọ́bà ṣì wà nínú férémù. Di wáyà náà mú, kí o wá fa rọ́bà àtijọ́ jáde lórí rẹ̀. Wáyà yóò kù nínú férémù, ọ̀nà kò sì sọ nù. Fi ẹnu rọ́bà tuntun bọ orí wáyà, tì í wọlé tẹ̀lé e bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé okùn, títí yóò fi yọ lápá kejì. Nígbà náà ni kí o tó fa wáyà jáde.

Kẹ̀kẹ́ mìíràn wà tí ó ní páìpù tín-ín-rín tí wọ́n ti ṣe mọ́ inú férémù láti ilé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ kò ní wàhálà, yóò kàn ti rọ́bà wọlé ni. Òmíràn sì wà tí rọ́bà rẹ̀ gba orí fọ́ọ̀kì, lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọlé. Ti ẹni yẹn le díẹ̀, yóò ní láti tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti bẹ́árìn òkè. Kí ó ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kí ó tó tú u, kí ó sì to wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí férémù bá ní kànrìnkàn tí wọ́n fi wé rọ́bà nínú, dá a padà, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí rọ́bà máa lu irin kó-kó-kó bí o bá ń lọ.

Bí tuntun bá ti wọlé, má ṣe kánjú gé e. Yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí òsì pátápátá, yí i sí ọ̀tún pátápátá, kí o rí i pé rọ́bà kò fà. Èyí tí ó gùn jù, a lè gé e kù. Èyí tí ó kúrú, kò sí ẹni tí ó lè fà á gùn. Abẹ tí ó mú ni kí o fi gé e, kí ojú rẹ̀ sì dọ́gba. Nígbà náà ni o máa fi nọ́ọ̀tì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, lẹ́yìn náà òrùka idẹ kékeré, kí o tó kan ọ̀pá onírin tín-ín-rín sí ẹnu rẹ̀. Bí o bá gbàgbé nọ́ọ̀tì sílẹ̀ kí o tó kan ọ̀pá, o ti tún iṣẹ́ ṣe nìyẹn. Òrùka idẹ àti ọ̀pá yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó, nítorí bí a ti ń dì í ni ó ń fún mọ́ rọ́bà. Má ṣe fi àlòkù dá owó pamọ́. Ti rọ́bà lọ dé ìdí nínú ọwọ́ bíréèkì, kí o wá fi sípánà dì í. Kì í ṣe pé kí o fi gbogbo agbára dì í. Ti Shimano, fún àpẹẹrẹ, ìwọ̀n 5 sí 6 Nm ni wọ́n fẹ́.

Ó wá ku epo rírọ. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń rọ ọ́ sókè, nítorí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ òkè ni ó ń lọ. Fa epo tuntun sínú síríńjì, lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú síríńjì jáde, so ó mọ́ ihò kálípà, kí o sì máa tì í wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lókè, fi ife tàbí síríńjì kejì gba ohun tí ó bá jáde. Ìwọ yóò rí ìfóòfó tí ń yọ. Fi ìka lu rọ́bà àti kálípà kọ́-kọ́, kí èyí tí ó fara pamọ́ lè gòkè. Nígbà tí epo bá ń jáde láìsí ìfóòfó kankan, dí ìsàlẹ̀, kí o sì dí òkè. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nípa èyí, ó sì dára kí a wá ìwé rẹ̀ kà.

Nu gbogbo ibi tí epo kàn. Bí ó bá jẹ́ DOT, fi omi fọ ara kẹ̀kẹ́ kíákíá kí ọ̀dà má bàa bó. Bí ó bá jẹ́ míńírà, ọṣẹ ni. Fi spírítì nu inú kálípà kí o tó dá páàdì padà. Lẹ́yìn náà, fún ọwọ́ bíréèkì. Ó yẹ kí ó le bí òkúta, kí ó má rọ̀ bíi kànrìnkàn. Fi rọ́bà dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní fífún bẹ́ẹ̀, kí o sì lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, fi bébà funfun nu gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀. Bí bébà bá jáde ní gbígbẹ, tí ọwọ́ bíréèkì kò sì wọlé sí i, o ti ṣe é. Bí ó bá tutù, má gùn ún, àní dé ìdí ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé ọmọ wa ní Vridi yóò ti máa bínú pé, "Ẹ̀gbọ́n, ti èmi ti jáde ná o." Àbúrò mi, ọ̀nà kò tíì dí. Okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja ń lò, èyí tí ó le díẹ̀, kò wọ́n níbi tí o wà. Dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, tan iná sí ẹnu ihò, kí o sì máa ti okùn náà wọlé láti ibi tí kọ̀rọ̀ pọ̀ jù. Bí férémù rẹ bá jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí kábọ́ọ̀nù, òòfà lè ràn ọ́ lọ́wọ́: so irin kékeré mọ́ ẹnu okùn, kí o sì máa fi òòfà fà á láti ìta férémù títí dé ẹnu ihò. Ṣùgbọ́n bí férémù bá jẹ́ irin lásán, òòfà kò ní ṣe é, nítorí ara férémù ni yóò lẹ̀ mọ́. Bí okùn bá ti yọ, fi í fa wáyà, fi wáyà fa rọ́bà. Ti bíréèkì iwájú, fi spírítì àti aṣọ mímọ́ fọ dísìkì dáadáa, ṣùgbọ́n páàdì tí epo ti mu, jù ú nù, kí o ra tuntun. Àwọn ènìyàn máa ń sun ún níná, wọ́n máa ń fi yanrìn ha á. N kò ní gbà ọ́ níyànjú bẹ́ẹ̀. Iye tí páàdì jẹ́ kò tó iye apá rẹ kan.

Nígbà tí o bá parí, má ṣe gbé búrẹ́dì lé e ní ọjọ́ náà. Kọ́kọ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí o fún un wò. Lẹ́yìn náà gùn ún ní ibi tí ọkọ̀ kò sí, sáré díẹ̀, fún un títí yóò fi fẹ́ dúró, tún sáré. Ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ìgbà, kí páàdì tuntun àti dísìkì lè mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ó sì kan gbogbo wa. Ìgò epo àtijọ́ yẹn ńkọ́? Má dà á sí gọ́tà, má dà á sí ọ̀sà, má dà á sórí iyanrìn. Gbé e fún àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n ń kó àlòkù epo jọ fún ẹni tí ń gbà á, kí o má sì pò ó pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ẹnì kan lè ní kí ni ife epo kan jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ìfọpo. Ìlú Abidjan mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fà. Ní oṣù Kẹjọ 2006, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Probo Koala gúnlẹ̀ sí èbúté wọn, wọ́n sì kó ìdọ̀tí olóró inú rẹ̀ dà káàkiri ìlú. Àwọn ènìyàn kú, àwọn tí ó sì wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn lé ní 100,000. Ti ọkọ̀ ńlá kò jọ ti ìgò kékeré, mo gbà. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ìwà méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ènìyàn ti ń sọ pé bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó tán. Ẹja tí a ń jẹ, inú omi náà ni ó ti ń wá.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó wà lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti ka ìwé náà. Àwọn ará Côte d'Ivoire ń pe Yorùbá tí ó wà lọ́dọ̀ wọn ní Anango. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọ Ẹjigbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, títí tí èdè Faransé fi di ohun tí a ń gbọ́ lọ́jà Ẹjigbò. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Ẹnì kan kọ́kọ́ lọ, ó mọ ọ̀nà, ó mọ ibodè, ó mọ ẹni tí a ń kí àti ẹni tí a ń sá fún. Kí ó tó darúgbó padà sílé, ó ti na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti fa àbúrò rẹ̀ wọlé. Àbúrò náà kò ṣìnà, nítorí kò sí àkókò kan tí ọwọ́ méjèèjì tú sílẹ̀.

Alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ yẹn, bí ó bá ní ọ̀gá tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ bíréèkì olómi, ọ̀gá náà ì bá ti dí i lọ́wọ́ kí ó tó fa rọ́bà yẹn jáde. Nítorí náà, àbúrò mi, bí o bá ti tún tìrẹ ṣe, gé ojú ewé yìí, mú un lọ fún un, kí ẹ jọ kà á. Kì í ṣe láti bá a jà. Kẹ̀kẹ́ mìíràn ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò sì gùn ún jáde sáàrin àwọn ọkọ̀ agbépo.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.